Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Bọ́ Ilẹ̀ Kí Òjò Tó Fìdí Múlẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tó bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kẹta, kíá ni wọ́n á ti ra irúgbìn lọ́jà, wọ́n á fi ọkọ́ họ ilẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n á fọ́n ọn sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, oòrùn á ti jó èyí tó hù, èèrà á sì ti kó èyí tí kò hù lọ. Wọ́n á wá ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé àwọn kò dára. Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ wọ́n o. Wọn ò fún un lóúnjẹ ni, wọn ò sì dúró kí òjò fìdí múlẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti agbègbè wọn, níbi tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, tó ń fìdí múlẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, tó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá wà lápá òkè, bíi Ṣakí tàbí Ìlọrin, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kún ohun tí mo bá sọ.

Ibi tí ẹ máa lò

Ẹ̀fọ́ fẹ́ oòrùn. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ mọ ibi tí òjìji ògiri àti ti igi ń bọ́ sí. Ibi tí oòrùn bá ti ń ràn fún bíi wákàtí 6 lójúmọ́ ni kí ẹ mú. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára, àfi fún gbúre tí kì í kọ ìbòòji. Ẹ jìnnà sí kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rọ̀ sí, ẹ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Ebè pẹrẹsẹ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 3, ti tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ebè bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ yín kò ní dé àárín rẹ̀, ẹ ó sì máa tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ le, gbòǹgbò kì í ráyè rìn níbẹ̀.

Ẹ ṣọgbà yí i ká ṣáájú ohun gbogbo. Ọparun tí a là, àwọ̀n, páànù àlòkù, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ iṣẹ́ oṣù kan tán kí ẹ tó ti inú ilé jáde. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tàbí ike ńlá tí a lu ìdí rẹ̀. Ilá, ata àti ṣọkọ máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀, bí a bá ṣáà ti ń bomi rin ín déédéé.

Bí a ṣe ń bọ́ ilẹ̀

Nínú oṣù Kejì, tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ni kí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àdá ṣán koríko, ẹ má sun ún. Lóòótọ́ ilẹ̀ tí a sun máa ń mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ewé àti koríko tí iná ń jó yẹn gan-an ni oúnjẹ ilẹ̀. Ẹ kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ṣa ọ̀rá, ìgò fífọ́ àti bátìrì kúrò, torí oró inú bátìrì kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọnú ẹ̀fọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn mọ́ kí èèyàn máa bu ilẹ̀ àkìtàn ìgboro wá sínú ọgbà. Eérú àti èèpo iṣu ló kún àkìtàn ayé àwọn baba wa. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni ajílẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ó sì lágbára gan-an. Àwọn tó ń sin adìyẹ a máa wá ẹni tó máa bá wọn kó o. Àmọ́ èyí tó bá tutù máa ń jó ẹ̀fọ́. Òórùn rẹ̀ tó ń ta síni nímú yẹn, ohun tó ń fà á ló ń pa gbòǹgbò kéékèèké. Ó gbọ́dọ̀ jẹrà ná. Ẹ kó o jọ gegele, ẹ po koríko gbígbẹ tí ẹ ti ṣán mọ́ ọn, ẹ wọ́n omi sí i kó rin, kó má kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kí ẹ wá fi tapólì bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ: irin náà á gbóná lọ́wọ́ yín. Ẹ máa yí gegele náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí irin kò bá gbóná mọ́, tí òórùn burúkú yẹn ti lọ, tó wá ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, ajílẹ̀ ti jinná. Ó lè gba oṣù kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó ra èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ.

Bí òjò kìíní bá ti rọ̀ tí ọkọ́ ti lè wọlẹ̀, ẹ tú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ sì fọ́ ògúlùtu rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Bó bá ṣù pọ̀ tí kò fẹ́ tú mọ́, amọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá fọ́n ká lójú ẹsẹ̀, yanrìn ló pọ̀. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà ló ń tún méjèèjì ṣe. Garawa lítà 10 kan tó ebè kan. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè dáadáa, kí ẹ wá kó ebè náà ga sókè díẹ̀, kí òjò oṣù Kẹfà má baà rì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibí yìí ni ojú ti máa ń kán èèyàn. Ẹ fi ebè náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: gbogbo koríko tó wà lábẹ́ ilẹ̀ á hù. Ẹ rọra fi ọkọ́ họ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì kéré, láì tún ilẹ̀ tú sókè. Ẹni tó bá ṣe èyí kò ní jìyà koríko bíi ti ẹni tó fọ́n irúgbìn lọ́jọ́ tó kọ ebè.

Irúgbìn

Ẹ má gba irúgbìn gbọ́ kí ẹ tó dán an wò. Ẹ ka hóró ilá 10, ẹ dì í sínú aṣọ tó rin, ẹ gbé e síbi tí kò tutù. Bí kò bá tó 7 tó yọ gbòǹgbò lẹ́yìn ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ gbìn ín pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn, NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ti mú irúgbìn tó dáa jáde. Ilá NHAe 47-4 wà lára wọn.

Ewédú ló máa ń dààmú èèyàn jù. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè ráàyè wọ inú rẹ̀, ẹ sì lè fọ́n ọn lónìí kí ẹ máa wò ó títí oṣù á fi parí. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe sí i rèé. Wọ́n á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé omi kaná. Bí omi bá ti hó, wọ́n á sọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n á wá ri ìdì náà bọ omi fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n tó tú u sórí àtẹ níbòòji kó gbẹ mọ́jú. Kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi, kó má baà jinná.

Ọjọ́ ìgbìn

Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ tó sì rin dé ìdí ìka, àsìkò ti tó. Ẹni tó ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi lè má dúró de òjò. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti gbìn.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré ní hóró gan-an, ó sì máa ń bọ́ síbi kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni. Ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ ẹ̀kúnwọ́ yanrìn gbígbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi igi fa ilà tí kò jìn sórí ebè, tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ wọ́n ọn sínú rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́ péré. Ẹ wá tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí: kò ní jẹ́ kí òjò wọ́ hóró lọ, kò sì ní jẹ́ kí adìyẹ tàn án. Láti ọjọ́ kẹrin ni kí ẹ ti máa ṣí imọ̀ náà wò. Ní kété tí ẹ bá rí i tó yọrí, ẹ gbé e kúrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, torí ọmọ ẹ̀fọ́ tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn á ga jàn-án-nà, á sì dojú bolẹ̀. Bákan náà ni ẹ ó ṣe ewédú.

Ilá ní tirẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fi hóró méjì sí ihò kan tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Tí méjèèjì bá hù, ẹ yọ èyí tó ṣaláìlágbára.

Ata kì í ti ọwọ́ bọ́ sórí ebè. Inú ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn ín sí, fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ tó hú u tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ sórí ebè nírọ̀lẹ́. Ní ti tòmátì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó ń ṣe ọgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná: òjò àárín ọdún máa ń jẹ́ kí ewé àti èso rẹ̀ rà. Ẹ̀ka ni a fi ń gbin ewúro àti gbúre. Ẹ gé e, ẹ tì í bọ inú ilẹ̀, ó tán.

Lẹ́yìn tó bá hù

Tẹ̀tẹ̀ tó bá ṣù jọ kò ní sanra. Nígbà tó bá ga tó ìka, ẹ fa díẹ̀díẹ̀ tu láàárín rẹ̀. Èyí tí ẹ fà tu náà ti di ọbẹ̀. Ẹ máa tu koríko, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí òjò bá dá, ẹ bomi rin ín láàárọ̀. Ìgò ike tí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ìdérí rẹ̀ dára ju igbá lọ, torí igbá máa ń da omi lulẹ̀ tó fi ń hú ọmọ ẹ̀fọ́. Koríko gbígbẹ tí ẹ kó jọ lóṣù Kejì, ẹ tẹ́ èyí tó kù sí ìdí ilá àti ata, kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ.

Bí ewé ilá bá ní ihò wínníwínní, kòkòrò kékeré kan tó ń fò ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fọ́n ọn sí ewé ní kùtùkùtù àárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ìdin tó ń jẹ ewé, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òògùn apẹ̀fọn tàbí apaáyán inú ilé fọ́n ohun tí ọmọ yín máa jẹ.

Bí ṣọkọ bá kàn dúró lójú kan tí kò dàgbà, ẹ hú ọ̀kan. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ní kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, aràn inú ilẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ilá àti ewédú náà máa ń kó o, nítorí náà ẹ má fi wọ́n rọ́pò ara wọn lórí ebè kan náà.

Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣọkọ, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e, kí ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù tó sẹ̀ǹtímítà 15, á tún rúwé. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ kan sí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ sì bomi sí i. Ilá, bó bá ti ń so, ọjọ́ méjì méjì ni kí ẹ máa ré e. Èyí tó bá kó lórí igi ń jẹ́ kí igi náà dẹ́kun síso. Ẹ̀fọ́ tí a bọ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ léraléra kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Kí ẹ sì ṣẹ́ tẹ̀tẹ̀ méjì tó lágbára jù kù sílẹ̀ láì gé, kí wọ́n gbó, kí orí wọn gbẹ: ẹ gbọ̀n ọ́n sórí ìwé, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí fún òjò ọdún tó ń bọ̀.