Ìtàn Ìkún-Omi Ayé Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Nígbà tí A Bá Ń Wá Ohun tí ó Fà Á

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, a kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ẹnikẹ́ni pé omi lè lé ènìyàn kúrò nílé. Ẹni tí ó bá dàgbà sí etí ọ̀sà mọ bí omi ṣe máa ń gun èbúté ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tí àwọn apẹja á fa ọkọ̀ wọn sókè, tí àwọn tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù sórí tábìlì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn ìkún-omi ayé àtijọ́ fi máa ń wọ̀ wá lára, yálà ti Ànọ́bì Núhù tí a gbọ́ ní ilé-kéú, ti Nóà inú Bíbélì, tàbí ti Olókun tí wọ́n ní ó bínú sí Ifẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní jọ́gíráfì máa ń bi mí pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ ọ́. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń ká mi lára ni bí àwa àgbà ṣe máa ń yára dáhùn rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù lọ ni kí ènìyàn kó gbogbo ìtàn náà jọ, kí ó ní ìkún-omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ròyìn, nítorí pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Ìráàkì, ó wà ní Íńdíà, ó wà ní Ṣáínà, ó sì wà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn ará ayé àtijọ́ tẹ̀ dó sí. Ẹ̀bá odò ni, tàbí etí òkun, níbi tí ẹja wà, tí ilẹ̀ sì lọ́ràá nítorí pé omi ń da ẹrẹ̀ lé e lórí. Ẹni tí ó bá kọ́lé sí irú ibẹ̀ yóò rí omíyalé lọ́jọ́ kan. Bí ìlú ọgọ́rùn-ún bá ní ìtàn iná, a kì í tìtorí rẹ̀ sọ pé iná kan ṣoṣo ni ó jó gbogbo wọn. Odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980; omi tún gba ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Àwa tí a mọ ọdún méjèèjì ni a lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ọdún bá ré kọjá láìsí àkọsílẹ̀, omíyalé kan náà ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ wa yóò máa pè wọ́n.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí a fi ẹrẹ̀ tí a rí níbì kan ṣe ẹ̀rí ìkún-omi gbogbo ayé, ni àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣe rí, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1872, George Smith, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ka wàláà amọ̀ kan tí wọ́n hú jáde ní Nínéfè, ìlú àtijọ́ kan ní Ìráàkì, ó sì rí ìtàn ọkùnrin kan tí ó kan ọkọ̀, tí ó kó ẹran sínú rẹ̀, tí ó sì rán ẹyẹ jáde nígbà tí omi ń fà. Utnapishtim ni orúkọ ọkùnrin náà nínú ìtàn Gilgamesh, ọba kan nínú ìtàn àtijọ́ Ìráàkì, ará ìlú Shuruppak sì ni. Nígbà tí ó di ọdún 1929, awalẹ̀pìtàn Leonard Woolley kéde pé nínú kòtò jíjìn tí òun gbẹ́ ní Uri, ní gúúsù Ìráàkì, òun kan ìpele ẹrẹ̀ tí ó nípọn ju mítà méjì lọ, tí kò sí èérún ìkòkò nínú rẹ̀, àti pé nígbà tí òun gbẹ́ ẹ kọjá, òun tún bá èérún ìkòkò àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú. Òkìkí kàn pé wọ́n ti rí ìkún-omi Nóà.

Ẹrẹ̀ náà jẹ́ òótọ́, omi ni ó sì gbé e wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé wọ́n tún rí irú rẹ̀ ní Shuruppak àti ní Kish, ìlú àtijọ́ mìíràn ní Ìráàkì, ṣùgbọ́n ti Uri ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ti Shuruppak tó dé, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 2900 ṣáájú ìbí Jésù. Ní Eridu, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Uri láàárín ọjọ́ kan, wọn kò rí i rárá. Omi tí ó bo Uri tí kò dé Eridu kì í ṣe omi tí ó bo ayé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n rí ẹrẹ̀ ìkún-omi níbì kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ orí ẹrẹ̀ náà, kí ẹ sì bèèrè bóyá ìlú tí ó múlé tì í ní irú rẹ̀.

Irú ìkánjú kan náà ni ó bá ọ̀rọ̀ Òkun Dúdú. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, William Ryan àti Walter Pitman, sọ pé ní ohun tí ó lé ní ọdún 7,000 sẹ́yìn, omi òkun já gba Bosporus, ọ̀nà omi tóóró tí Istanbul wà létí rẹ̀ lónìí, ó sì ya wọ inú adágún ńlá kan tí àwọn ènìyàn ń gbé etí rẹ̀, èyí tí ó wá di Òkun Dúdú. Àbá ni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn ti takò ó, wọ́n ní omi náà kò ga tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó gun òkè. Kò yẹ kí a máa sọ ọ́ fún ọmọ bí ẹni pé wọ́n ti parí ẹjọ́ rẹ̀.

Ti ìkarahun tí a ń rí jìnnà sí òkun, tí àwọn kan fi ń ṣe ẹ̀rí ìkún-omi, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, ìkarahun ẹran òkun tí ó ti di òkúta wà nínú ilẹ̀. Òkun ti bo ibẹ̀ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí kò tíì sí ènìyàn kankan láyé tí yóò sọ ìtàn rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù kì í ṣe ti àwọn tí ó gba ohun gbogbo gbọ́, bí kò ṣe ti àwọn tí ó fi ẹ̀rín da ìtàn àwọn baba ńlá nù pé àlọ́ lásán ni. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń sọ ìtàn ìjà ẹyẹ àrá àti àbùùbùtán, tí ilẹ̀ fi mì, tí òkun sì gba abúlé. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó kà á sí. Ìgbà tí wọ́n wá rí igi kédárì tí ó kú sórí ìdúró nínú omi iyọ̀, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rì lójijì, òrùka inú igi, tí igi máa ń ní ọ̀kan lọ́dọọdún, fi hàn pé láàárín oṣù kẹjọ ọdún 1699 sí oṣù karùn-ún ọdún 1700 ni ó kú. Ní Japan, àwọn akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 1700 ni omi òkun ya wọ ìlú wọn láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì. Wọ́n ṣírò àkókò tí ìgbì náà fi sọdá òkun láti Amẹ́ríkà, báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni ilẹ̀ mì ní Amẹ́ríkà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti erékùṣù Simeulue ní Indonéṣíà. Sùnámì, ìgbì òkun ńlá tí ilẹ̀ mímì máa ń fà, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún 1907, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì fi í ṣe ìtàn àti orin fún ọmọ wọn, wọ́n pe omi náà ní smong: bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ sá gun òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ mì, òkun fà, wọ́n sì sá. Nínú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 70,000, àwọn tí omi pa kò tó mẹ́wàá, nígbà tí àwọn tí ó kú ní Aceh, ní òdì kejì omi, lé ní 100,000.

Nípa tiwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ mọ́ ìtàn ìkún-omi. Ìtàn tí ó ní omi ni ó bo gbogbo ibi kí a tó da iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun sí i, kí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tàn án ká, kò sọ pé ìlú kan wà tí omi pa run; ilẹ̀ ni ó ń jáde nínú omi níbẹ̀. Ti Olókun yàtọ̀, nítorí pé ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ kí omi tó dé. Mo ti gbọ́ ẹni tí ó so ó mọ́ bí òkun ayé ṣe ga sí i ní nǹkan bí mítà 120 láti ìgbà tí yìnyín pọ̀ jù lọ, ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn. Òkun ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ jìnnà sí òkun ju kìlómítà 100 lọ, orí ilẹ̀ gíga sì ni ó wà. Omi yẹn kò dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ òjò àti odò ni ìtàn náà ń rántí, ó sì lè jẹ́ ìjà láàárín àwọn ènìyàn tí a fi omi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ó tún yẹ kí a bèèrè ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ìtàn Núhù ti wà lẹ́nu àwọn àfáà tipẹ́, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884. Ẹni tí ó ti gbọ́ ti Nóà lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kún ti Olókun láìmọ̀.

Àwọn bàbá apẹja ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n lè na ọwọ́ sí ibi tí omi ọ̀sà dé nígbà ayé àwọn òbí wọn. Bí ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ má ṣe ti ọ̀rọ̀ Nóà bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ẹ bèèrè oṣù tí ó jẹ́, ẹ bèèrè ibi tí omi náà gbà wọlé, bóyá òjò ń rọ̀ nígbà náà tàbí kò rọ̀, bóyá omi náà ní iyọ̀, ta ni ó sì sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ti ẹnu wọn jáde.