Ṣíìtì tó jẹ mí ní pick: bí mo ṣe tún ìṣirò draft AFL ṣe

Mo fi pick (àyè láti yan ọmọ tuntun sínú ẹgbẹ́) ìpele kejì ti ọdún tó ń bọ̀ ṣòfò nítorí àmì 44 tí n kò jẹ ẹnikẹ́ni. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìdánrawò ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa tá a jọ ń ṣe é kì í fi ṣeré: èèyàn méjìdínlógún, ẹgbẹ́ méjìdínlógún ti bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, a tún draft ọdún 2021 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, oníkálukú sì lè ṣe pàṣípààrọ̀ pick bó ṣe wù ú. Collingwood ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé AFL, líìgì bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, ti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: Nick Daicos.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló ń wò: ní AFL, wọn kì í fowó ra ọmọ tuntun, draft ni wọ́n fi ń pín wọn. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìsàlẹ̀ jù ló ń kọ́kọ́ yan, ìyẹn pick 1, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e; bó bá kárí gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìpele kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ti gbá ìdíje 100 ó kéré tán fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ yẹn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i ṣáájú ẹlòmíì. Peter Daicos, bàbá Nick, gbá 250 fún Collingwood. Ẹ̀tọ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ẹgbẹ́ míì á pe orúkọ ọmọ náà nígbà tó bá kàn án, bid nìyẹn, ẹgbẹ́ bàbá á wá fi àwọn pick tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ san iye àmì tí ipò yẹn jẹ́. Nínú àtẹ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2015, pick 1 jẹ́ àmì 3000, pick 2 jẹ́ 2517, pick 3 jẹ́ 2234, pick 4 jẹ́ 2034, ó ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé pick 73 tó jẹ́ 9 péré. Ẹ̀dínwó 20% wà nígbà yẹn fún bid tó bá bọ́ sí ìpele kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìpele yẹn, àmì 197 ni wọ́n ń yọ.

Ṣíìtì ìṣirò (spreadsheet) kan wà tó ti ń kiri láàárín àwa olólùfẹ́ draft tipẹ́, òun sì ni gbogbo wa lò. Mo tẹ Collingwood sí i. Ó ní Gold Coast ló máa pe Daicos ní pick 3, pé 2234 tá a bá yọ 20% kúrò jẹ́ 1787. Pick mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi nínú ìdánrawò wa: 36 (502), 38 (465), 40 (429) àti 45 (347). Àpapọ̀ wọn, 1743. Ó ku 44. Mo sáré lọ bá ẹni tó di ẹgbẹ́ kan mú, mo gba pick 48 lọ́wọ́ ẹ̀, mo fún un ní pick ìpele kejì mi ti 2022. Inú ẹ̀ dùn. Ó yẹ kó dùn.

Ìgbà tí draft bẹ̀rẹ̀ ni ojú mi tó là. Ní pick 2, Greater Western Sydney pe Sam Darcy, Western Bulldogs sì san án, torí Luke Darcy bàbá rẹ̀ gbá 226 fún wọn. Bó ṣe rí ní 2021 gan-an nìyẹn. Darcy di pick 2. Greater Western Sydney sún sí 3. Gold Coast tó wà ní 3 sún sí 4, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pe Daicos. Gbèsè mi kì í ṣe 1787 mọ́, 2034 ni a ó yọ 20% kúrò lára ẹ̀: 1627. Ìyàtọ̀ àmì 160, nígbà tó jẹ́ pé 1743 ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀!

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ṣíìtì náà kò parọ́ lórí bid tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 2015, Melbourne pe Callum Mills ní pick 3, Sydney san 1787. Kò sí bid kankan ṣáájú ẹ̀: Carlton mú Weitering ní 1, Brisbane mú Schache ní 2, nítorí náà 3 dúró ní 3. Ẹni tó ṣe ṣíìtì rí i pé ó bá tòótọ́ mu, ó sì tẹ gbogbo nọ́ńbà mọ́ ojú ibi tó wà. Tí bid míì bá ti ṣáájú èyí tí ẹ ń ṣírò, irọ́ ló ń pa.

Mo jókòó, mo ṣe tèmi. Títẹ àtẹ àmì àti orúkọ àwọn ẹgbẹ́ sínú Google Sheets kò nílò àlàyé. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀: ẹ má fọwọ́ tẹ iye àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pick. Ipò tí pick wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kí fọ́múlà VLOOKUP lọ wá iye ẹ̀ nínú àtẹ. Òpó mẹ́rin ti tó: ipò ìsinsìnyí, ipò ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ín, iye. Nǹkan bí wákàtí kan.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo wá fi jà pẹ̀lú ohun kan, ìyẹn ètò tí nǹkan ń gbà ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá san bid. Nǹkan mẹ́rin ni. Wọ́n á yọ àmì lára àwọn pick ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó súnmọ́ jù lẹ́yìn bid. Pick tí àmì rẹ̀ bá tán pátá á lọ sí ìdí draft. Èyí tí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lára ẹ̀ á wálẹ̀ lọ síbi tí àmì tó kù bá bá a mu. Ọmọ náà á wọ ipò tí wọ́n ti pè é, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn á sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ fi Darcy sí ipò 2, kí n tó yọ àmì. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, torí orúkọ ọmọ la kọ́kọ́ ń gbọ́. Nínú ìdánrawò wa, pick 23, 26 àti 34 ni Bulldogs ní láti fi san 2014. Bí Darcy bá ti wọlé ṣáájú, 23 ti di 24, 26 ti di 27, 34 ti di 35. 785, 703, 522. Ẹ rò ó pọ̀: 2010. Àmì mẹ́rin péré ló ku! Ṣíìtì mi wá lọ gbé pick kẹrin wọn jẹ nítorí àmì mẹ́rin, pick kẹrin yẹn kúrò níwájú mi, gbogbo pick tèmi sì fò síwájú sí i láìnídìí. Mo wo fọ́múlà títí ojú mi fi ń ta mí. Kò sí àṣìṣe nínú fọ́múlà. Ìlà méjì ló gbapò ara wọn.

Ìgbà tí mo yí i padà, pé kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè ní iye tí pick jẹ́ lásìkò tí wọ́n pe ọmọ, ó tò: 815, 729, 542, àpapọ̀ 2086. Bulldogs san 2014, ó ku 72. Pick 23 àti 26 lọ sí ìdí, 34 wálẹ̀ sí àárín 66 (80) àti 67 (69). Pick kẹrin wọn kò dé ibẹ̀ rárá. Ìgbà yẹn ni Darcy tó wọlé.

Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí mi. Pick mẹ́ta kúrò níwájú mi, ẹnì kan wọlé, nítorí náà ohun gbogbo tí mo ní sún síwájú ní ipò méjì. 36 di 34 (542), 38 di 36 (502), 40 di 38 (465), 45 di 43 (378). Àwọn pick kan náà tó jẹ́ 1743 láàárọ̀ ti di 1887, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo san 1627, àmì 260 ṣẹ́ kù, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pick 51 (259) gẹ́lẹ́. Ṣíìtì àtijọ́ ní mo jẹ gbèsè 44. Òtítọ́ ni pé 260 ló yẹ kó wà lápò mi. Mo yọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi nígbà tí nọ́ńbà yẹn jáde. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà mo rántí pick tí mo ti fún ẹlòmíì.

Kí n tó gbà pé ó pé, mo fi ọdún 2022 dán an wò. North Melbourne tó ni 2 àti 3 pe Will Ashcroft ní 2, Brisbane san án. Ṣíìtì mi gbé North lọ sí 3 àti 4 fúnra ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú Harry Sheezel àti George Wardlaw. Mo dán 2015 náà wò, Mills ṣì jẹ́ 1787. Ẹ rí i pé ẹ dán bid tí kò sí òmíì ṣáájú ẹ̀ wò àti ibi tí bid méjì ti sún mọ́ra, torí ọ̀kan ṣoṣo kò lè tú àṣìṣe yìí fó.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí tí n kò mọ̀ nígbà yẹn: ká tiẹ̀ ní mo jẹ gbèsè 44 lóòótọ́, kò yẹ kí n ra pick 48. Òfin ìgbà yẹn gbà kí ẹgbẹ́ jẹ gbèsè àmì, wọ́n á yọ ọ́ lára pick ìpele yẹn kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ká ní pick mi lọ́dún yẹn bọ́ sí 10, tó jẹ́ 1395. Ẹ yọ 44 kúrò, ó ku 1351, tó ṣì ju iye pick 11 (1329) lọ. Ipò kan ṣoṣo ni n bá pàdánù, bí mo bá tiẹ̀ pàdánù ẹ̀. Èmi fi odindi pick ìpele kejì san án.

Ẹ̀ẹ̀kejì, láti 2018 ni wọ́n ti ń gbà kí ẹgbẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ pick bí draft ṣe ń lọ lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń lé mi. Ǹ bá dúró kí wọ́n pe Darcy ná, kí n wo ibi tí àwọn pick mi sún sí, kí n tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Ẹni tó bá ní ọmọ-bàbá tí ojú gbogbo ayé wà lára ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ra àmì kó tó ka iye bid tó lè wà ṣáájú tiẹ̀.

Pick ọdún tó ń bọ̀ pàápàá, ẹ máa bẹ̀rù ẹ̀, torí ẹ ò tíì mọ ibi tó máa já sí. Collingwood fúnra wọn fún Greater Western Sydney ní pick ìpele kìn-ín-ní wọn ti 2021 nígbà draft 2020. Wọ́n ṣe ipò 17 lọ́dún yẹn. Pick náà di 2, òun ni wọ́n fi pe Darcy, òun ló sún sí 3, òun sì ni Greater Western Sydney fi mú Finn Callaghan.

Àríyànjiyàn tó gba àkókò jù láàárín wa ni ti àwọn tó ń fi àtẹ yìí díye lé pàṣípààrọ̀. Pick 14 àti 15 pa pọ̀ jẹ́ 2273, ó ju pick 3 lọ ní 39. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa fi pick 3 gba 14 àti 15 láìsí nǹkan míì lórí ẹ̀. Bid ni àtẹ yẹn wà fún. Tó bá di ti ọjà, ẹ béèrè orúkọ ọmọ tó ṣeé ṣe kó ṣì wà nílẹ̀ ní ipò 3, kẹ́ ẹ wá béèrè èyí tó máa kù ní 14. Èmi kò bá ẹni tó ń ka àmì nìkan jiyàn lórí pàṣípààrọ̀ mọ́.

Ní 2025, wọ́n yí àtẹ padà: ẹ̀dínwó di 10%, pick tó bá sì kọjá 54 kò ní àmì kankan mọ́. Bid ní pick 1 tó jẹ́ 2400 tẹ́lẹ̀ di 2700. Kíkó pick kéékèèké jọ láti 55 sókè, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ti di òfo. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ṣíìtì àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣírò draft tuntun, pẹ̀lú 20% nínú ẹ̀. Nínú tèmi, ọdún ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa tẹ̀, ní àpótí B1, ọdún yẹn ló ń yan àtẹ àti ẹ̀dínwó. Bí B1 bá ṣófo, ṣíìtì kò ní sọ iye kankan.