Bí a ṣe lè ṣètò ìrànlọ́wọ́ àdúgbò fún ọmọ títọ́ ní Abẹ́òkúta

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, àwọn tó jọ wá láti ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ojú kan, nítorí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà kì í ṣaláì rí ẹni bọ́ ọ nínú agbo ilé. Lónìí, tọkọtaya tó yá ilé sí Ọbáńtokò, tí wọn kò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wọn, gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn ṣètò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn aládùúgbò, nítorí àlejò ló ń kí onílé. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti kíyè sí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ tiwọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó: bóyá kí wọ́n gba ọmọ sílé ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá pẹ́ ní ọjà Kútọ̀.

Fún ọmọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé e mọ̀ pé ọmú nìkan ni yóò máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá àgbà fi ń fún ọmọ lómi àti àgbo, nítorí náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, ó sì tún kan ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí ó tó kan oṣù 9 àti 15. Bí ìyá mìíràn bá bímọ lásìkò kan náà ní àdúgbò, ẹ jọ máa lọ, kí ẹ lè máa rán ara yín létí.

Bí ọmọ bá ti ń lọ sílé ìwé, ẹ fún olùkọ́ ní orúkọ àwọn tó lè wá mú un, kí ọmọ náà sì mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ orúkọ òun. Ẹ kọ́ ọ pé kíkúnlẹ̀ kí àgbà kò fún àgbà kankan láyè láti fọwọ́ kan ara rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àti pé kò sí àṣírí tí a ń fi pa mọ́ fún òbí.

Ọ̀rọ̀ ìbáwí ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀, òun ni mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ sọ yé ara yín kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà fún aládùúgbò láti dá ọmọ dúró, kó bá a wí lẹ́nu, kó sì wá sọ fún yín, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe nà án. Bí ó bá mú ẹjọ́ ọmọ wá, ẹ má ṣe gbèjà ọmọ lójú rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ ná, kí ẹ wá bi ọmọ léèrè nínú yàrá, nítorí ẹni tí a bá fi ìjà dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan kò ní bá wa sọ ohun tó rí mọ́.