Bí A Ṣe Ń Gbé Àpótí Ìwé Ìròyìn sí Ẹ̀gbẹ́ Títì ní New York

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpótí ìwé ìròyìn, ìyẹn àpótí tí àwọn tó ń kọjá ti ń mú ìwé ìròyìn, sí ẹ̀gbẹ́ títì ní New York, kì í ṣe àṣẹ lẹ ó máa tọrọ. Ìfitónilétí ni òfin béèrè. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ìrìnnà ní ìlú náà, kí ẹ sọ ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan máa wà gan-an, kí ẹ sì ní ìwé adójútòfò tó dárúkọ ìlú náà mọ́ àwọn tó dáàbò bò.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ mú téèpù dání: etí títì ni kí àpótí wà, kí àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ṣẹ́kù fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 15 jìnnà sí ẹ̀rọ omi àwọn panápaná, ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ṣeé gbé e sí rárá. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ hàn kedere lára rẹ̀.

Ìdí wà tí òfin náà fi béèrè ìfitónilétí dípò àṣẹ. Nínú ẹjọ́ Lakewood, ìyẹn ẹjọ́ tó wà láàárín ìlú Lakewood ní ìpínlẹ̀ Ohio àti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, lọ́dún 1988, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé olórí ìlú kò lè máa fúnni ní ìwé àṣẹ bó ṣe wù ú. Lójú tèmi, ìmọ̀ ẹjọ́ yìí wúlò ju fọ́ọ̀mù lọ.

Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá kun àpótí lọ́dà tàbí tí ẹ nù ún sílẹ̀.