Mo Kun Òkè Olósùnta Nínú Òkùnkùn, l'Adó-Èkìtì

Ẹni tó bá ti ṣe kaṣíà rí mọ iná pọ́pù kékeré tó máa ń wà lórí káńtà. Abẹ́ rẹ̀ la máa ń ki owó sí. Nọ́ńbà dúdú tó wà lára náírà á yí padà di àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kọ̀ tí kò yí padà, ẹni tó kó o wá ní ẹjọ́ láti rò. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ mọ́ iná yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pé èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ kó máa mu ẹmu, kó tún máa kun àwòrán, n kò gbọ́ ọ rí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní àwọn kan ń ṣe é nírọ̀lẹ́ Sátidé ní gbọ̀ngàn kan lọ́nà Adébáyọ̀. Wọ́n á pa gbogbo iná, wọ́n á tan ti pọ́pù, oníkálukú á fi ọ̀dà tó ń tàn kun kánfáàsì tirẹ̀, ohun mímu á sì wà nílẹ̀. ₦15,000 lẹ́nì kan, ohun gbogbo wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Èmi tí adìyẹ tí mo bá yà máa ń jọ bàtà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ń pè."

Wọ́n ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù pé ká wọ aṣọ funfun, àmọ́ kó má jẹ́ èyí tá a fẹ́ràn, torí pé ọ̀dà náà kì í kúrò lára aṣọ mọ́ tó bá ti gbẹ. Bùbá àtijọ́ kan ni mo wọ̀. Èèyàn bí ogún ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àfi èmi àti màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ọmọ rẹ̀ san owó fún. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, kí wọ́n tó pa iná ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ti kun kánfáàsì wa ní dúdú kí a tó dé, 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú, 50 lóròó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa pín ṣọ́ọ̀kì funfun fún wa, ó ní Olósùnta la máa kun, pẹ̀lú òṣùpá lókè rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ láti Adó ti rí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta ràgàjì tó yọ gedegbe lókè ilé. Ó ní òun mú un torí pé kò ní igun: èjìká méjì, orí kan, ó parí. Ṣọ́ọ̀kì ló sì dára láti fi yà á, nítorí tí ìlà bá wọ́, ẹ fi àkísà tútù nù ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kìlọ̀ pé orí àpáta ò gbọdọ̀ kọjá ìdajì kánfáàsì kí òṣùpá lè ráyè. Àwọn ọmọ tó wà níwájú ò gbọ́. Àpáta wọn gba gbogbo ojú ọ̀run, òṣùpá wọn wá há sí igun kan bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ àyè nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní ká fi ọ̀dà funfun kun inú òkè àti òṣùpá náà dáadáa. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ọ̀dà tó ń tàn la wá kùn ni. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mà. Àwọn ọ̀dà yẹn fẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá kùn wọ́n lé dúdú ní tààrà, dúdú á gbé wọn mì. Funfun ló máa tì wọ́n jáde." Ó wá ní ká jẹ́ kó gbẹ. Ti acrylic ni wọ́n ń lò, èyí tí à ń fi omi pò, kì í pẹ́ tó fi ń gbẹ.

Ibi tí à ń dúró kó gbẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dé. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wa sọ pé àwa ará Èkìtì, ìwé la mọ̀, a ò mọ iṣẹ́ ọnà. Tíṣà wa yíjú sí i. Ó ní ṣé kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ rí ni? Ọlọ́wẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n gbé lérí wá kí ọba sára rẹ̀, tó sì kun ún lọ́dà. Ó ní ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum ní London, láti ọdún 1924.

Màmá ẹ̀gbẹ́ mi ní, "Ṣé wọ́n jí i ni?"

"Rárá, mà. Wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà."

Màmá pòṣé. "Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀, wọ́n fi àga gbà á." Títí a fi parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n pa iná tí wọ́n tan ti pọ́pù, ariwo ta. Gbogbo aṣọ funfun tàn bí ìgbà tí wọ́n gbé iná sínú wọn. Ọṣẹ ìfọṣọ ló fà á: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń mú kí funfun máa dán lójú, òun ló ń dáhùn sí irú iná bẹ́ẹ̀. Eyín náà tàn. Ẹni tó fi Vaseline para, apá rẹ̀ ń tàn búlúù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí mi ò retí ni pé ọ̀dà funfun tí a kun ò tàn rárá; ńṣe ló ṣókùnkùn, tí mo fi ń fi ọwọ́ wá ibi tí òkè mi wà. Títáníọ̀mù tó wà nínú ọ̀dà funfun máa ń fa iná yẹn mu ni. Ẹ wá rí i pé aṣọ funfun àti ọ̀dà funfun kì í ṣe ọ̀kan náà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wá bu ọ̀dà gidi fún wa sínú àwo ike: ìyeyè, ọsàn, píǹkì, ewé, búlúù. Èyí ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyeyè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kun èjìká òkè tí òṣùpá ń tàn sí. Kó tó gbẹ, ẹ fi píǹkì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tó mọ́, tí omi inú rẹ̀ ò pọ̀, fà á láti òsì sí ọ̀tún níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ìlà méjì ṣì ni mò ń rí. Mo tún fà á, ojú ààlà yẹn yọ́, ó di àwọ̀ ọsàn níwájú mi, kò sẹ́ni tó bu ọsàn sí i. Mo pariwo. Àbúrò mi ní kí n fara balẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Àwọn ọ̀dà tó ń tàn yìí lè dàpọ̀ mọ́ra wọn bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má pò wọ́n mọ́ dúdú tàbí funfun, títàn wọn á kú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi, ẹ fi àkísà fún omi rẹ̀ kúrò kí ẹ tó bọ̀ ọ́ sínú àwọ̀ mìíràn.

Omi ìfọ-búrọ́ọ̀ṣì yẹn, nínú ike ló wà. Ẹmu wà nínú igbá. Mo rò pé torí kó lè dà bí ti àwọn àgbà ni wọ́n ṣe lo igbá, àṣé torí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé omi ọ̀dà mu nínú òkùnkùn ni. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ẹmu fúnra rẹ̀, ká sòótọ́, ti kan; ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀, tí a ń mu lálẹ́, agbára ló kù nínú rẹ̀, adùn ti lọ. Sóbò wà fún ẹni tí kì í mu ọtí. Èyí tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ ni tonic, omi kíkorò inú ìgò. Lábẹ́ iná yẹn, ó tàn búlúù látòkè délẹ̀, torí pé kuiníìnì wà nínú rẹ̀, oògùn ibà tí wọ́n ń fún wa lò láyé ijọ́un. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní àwọn mọ adùn rẹ̀ láti kékeré, àwọn ò sì fẹ́ ẹ nígbà náà.

Ohun tó kù ni ìràwọ̀. Fún ìyẹn, wọ́n gbé ìgò kékeré mìíràn wá, ọ̀dà tó nípọn, tó ní yanrìn díẹ̀díẹ̀ nínú, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì fani mọ́ra. Wọ́n ní ká fi orí igi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ kán sójú ọ̀run, kó nípọn. Mo ń kán an lọ́wọ́ ni iná lọ.

Òkùnkùn biribiri. Òkè gbogbo èèyàn pòórá, òṣùpá pòórá, aṣọ funfun pòórá. Àfi ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ogún kánfáàsì ló ń tàn lórí tábìlì, àwọ̀ ewé, láìsí iná kankan nínú ilé. Ẹnì kan ní "Jésù!" Tíṣà wa ní òun ìbá tilẹ̀ ti ní kí wọ́n pa á fúnra òun, wọ́n ti bá òun ṣe é.

Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ ló ṣàlàyé. Ọ̀dà méjì ni wọ́n, a kàn ń pe méjèèjì ní ohun tó ń tàn lókùnkùn. Ti òkè wa, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí iná ultraviolet, ìyẹn iná pọ́pù yẹn, bá bà á ló ń dá a padà ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Bí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ. Ti ìràwọ̀ ń fi iná pamọ́, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Strontium aluminate ni wọ́n ń pe lúbúlúbú tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Japan ló mú irú rẹ̀ tó ń tàn pẹ́ jáde ní ọdún 1993.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan yìí ò ní kó àrùn bá wa? Aago ọkọ mi olóògbé máa ń tàn báyìí lóru, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré."

Ó ní ìbéèrè gidi ni. Radium ni wọ́n ń lò sára aago láyé àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1917, àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago máa ń fi ètè ṣu ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó, radium wọnú egungun wọn, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ti òde òní kò ní radium nínú. "Síbẹ̀, mà, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu." Mo wo àbúrò mi. Búrọ́ọ̀ṣì ti wà láàárín eyín rẹ̀ látàárọ̀. Ó yọ ọ́ wẹ́lẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ dún, òkè padà wá, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màmá fi àwọ̀ ọsàn kun ilé kékeré kan sísàlẹ̀ àpáta tiwọn, èyí tí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa. "Ulé mi rèé," wọ́n ní. Òun ló dára jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò purọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mọ̀ pé iná yẹn máa ń rẹ ojú. Ẹ máa jáde síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orin wọn pariwo ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé, ẹ jókòó síwájú. Ẹmu yẹn, ẹ má mu ún pọ̀ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa wakọ̀ relé.

Èyí tí wọn kì í sọ fún èèyàn ṣáájú ni bí àwòrán náà ṣe máa rí nílé. Ní òwúrọ̀ Sunday, mo gbé e sí pálọ̀. Ọkọ mi wò ó títí. "Kí ló ṣe òkè yìí tó fi pọ́n báyìí?" Òtítọ́ ni, lábẹ́ gílóòbù lásán, píǹkì àti ìyeyè tó ń pariwo ló kù, òṣùpá mi sì rí bí ẹyin tó fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra gílóòbù pọ́pù kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná ní Òkèsà, mo fi í sí igun tí kò ti ní máa tàn sójú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá tàn án lálẹ́, Olósùnta dé. Mo gbé e jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, torí pé oòrùn kì í pẹ́ pa irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ti ń béèrè bóyá wọ́n máa ń gba ọkùnrin níbẹ̀. Mo ní wọ́n ń gbà wọ́n, ₦15,000, kó mú aṣọ funfun rẹ̀ tó ti gbó dání.