Bí ẹbí yín bá ti Màláwì dé: ohun tí ẹ ó ṣe kí ọdún kan tó pé

Ẹbí tó bá fẹ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní abúlé kan ní Màláwì, ì báà ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn tàbí kíkọ́ ọmọ níwèé, á múra àlọ títí ara á fi bó wọn. Àbọ̀ ni wọn kì í múra fún. Wọ́n á ní ilé àwọn sáà làwọn ń padà sí. Bẹ́ẹ̀, àrùn tí ẹ kó níbẹ̀ lè fara pamọ́ di oṣù kẹta, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ní pápákọ̀ òfurufú lè máa sunkún lọ́sẹ̀ kejì, ìlérí tí ẹ ṣe fún àwọn ará abúlé á sì ti ṣáájú yín dé orí WhatsApp. Nítorí náà, ọdún kan ni kí ẹ ka àbọ̀ sí. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kúrò ní Màláwì sókè rẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ yẹn ni a ó ti máa kà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kúrò

Kí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jókòó pọ̀, kí olúkúlùkù ka gbogbo ohun tó ti ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ti àwọn ọmọ ló máa ń yà yín lẹ́nu jù: ọ̀kan ti ṣèlérí bọ́ọ̀lù, èkejì ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "a ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta: èyí tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó lọ, èyí tí ẹ lè ṣe láti Lọ́ńdọ̀nù, àti èyí tí apá yín ò ká. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ tọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, kí ẹ wí fún wọn lójúkojú pé kò ní ṣeé ṣe, kí ẹ sì tọrọ àforíjì. Ó ń tini lójú, a mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ ọlọ́mọ máa wojú ọ̀nà.

Ìkòkò, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bàtà àti aṣọ tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ má ṣe pín in lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń dúró dè yín. Ìjà ló ń dá sílẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó sì parí rẹ̀. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kó o fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé tàbí mfumu, ìyẹn baálẹ̀ abúlé, kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ náà sétí gbogbo ènìyàn. Oògùn tó bá kù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kó o fún, pẹ̀lú páálí rẹ̀ tí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹ má fún aládùúgbò ní ìdajì oògùn apakòkòrò. Ẹni tó bá lo ìdajì kì í sàn tán, kòkòrò tí kò kú á sì ti mọ bí òun ṣe lè borí oògùn náà.

Ẹ fọ gbogbo aṣọ, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná níwájú àti lẹ́yìn, pàápàá ìbàdí ṣòkòtò àti ojú rírán. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní putsi, tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí wọ́n sá síta. Ẹyin náà á pa, ìdin á sì wọ inú ara lọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa á. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní abẹ́ bàtà. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè Bìrìtéènì á gbà á. Irúgbìn náà nílò ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Tí ère igi bá wà nínú ẹrù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò wínníwínní wà lára rẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú ń jáde níbẹ̀, nítorí kòkòrò ṣì wà nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Ọjà tí gbogbo iye rẹ̀ kò bá ju £390 lọ fún ẹnì kan kò ní owó ibodè.

Ibà: ẹ má ṣe pè é ní ibà lásán

Ibí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣìṣe jù, nítorí pé a ti mọ ibà láti kékeré, a ò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ara àgbàlagbà tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ bí a ṣe ń bá ibà jà nígbà náà lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú òtútù, agbára yẹn á ti dínkù gidigidi. Àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ìlú Ọba kò tiẹ̀ ní in rí. Irú ibà tó pọ̀ jù ní Màláwì ni falciparum, òun ló sì ń pani jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè ti ara gbígbóná di ìdákú.

Ẹ lo oògùn ìdènà ibà parí. Malarone, ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Doxycycline tàbí mefloquine, ọ̀sẹ̀ 4 gbáko. Ìdí tí iye ọjọ́ wọn fi yàtọ̀ ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò ibà kọ́kọ́ ń gbé kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Malarone ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn méjì yòókù ń dúró dè é nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dáwọ́ rẹ̀ dúró ní kété tí wọ́n bá ti rí Heathrow, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ ra tẹmọ́mítà kan sílé. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá gbóná dé 38°C láàárín ọdún kan tí ẹ dé, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kó má di ọ̀la. Ó lè dà bí ọ̀fìnkìn, ó lè wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì, ọmọdé sì lè kàn sùn ṣáá láì fẹ́ jẹun. Ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, tàbí kí ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn lọ tó bá le, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi yín: "A ti Màláwì dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àyẹ̀wò ibà la fẹ́ lónìí." Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹ ti dé á fún yín ní paracetamol, á ní kí ẹ lọ sinmi.

Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. A máa ń tún un ṣe láàárín wákàtí 12 sí 24, a ó sì tún ṣe ẹ̀kẹta lẹ́yìn wákàtí 24 mìíràn, nítorí pé kòkòrò lè kéré débi tí ojú kò fi ní rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oògùn ibà tó kù nínú àpótí tàbí àgbo tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣáájú àyẹ̀wò. Bí a bá lo ìdajì oògùn, kòkòrò á sá pamọ́, àyẹ̀wò ò ní rí i, àìsàn náà á sì padà wá pẹ̀lú agbára. Ibà ovale náà wà níbẹ̀, èyí tó máa ń sùn nínú ẹ̀dọ̀ fún oṣù pípẹ́. Oògùn tó ń lé e jáde ni primaquine. Kí ẹ tó lò ó, ẹ rí i pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, nítorí pé oògùn náà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa.

Adágún, awọ ara, àti ajá

Bí ẹ bá wẹ̀ ní Adágún Màláwì, bóyá ní Cape Maclear níbi tí omi ti mọ́ gaara, ẹ gbà pé ẹ ti fara kan bilharzia, àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ara ìgbín omi kéékèèké tó jọ ìṣáwùrú ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé láì sí ọgbẹ́. Ẹ má sáré lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tí ẹ dé. Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìgbà tí ẹ wọ omi kẹ́yìn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Praziquantel, oògùn rẹ̀ náà, àgbà kòkòrò ló ń pa. Èyí tó ṣì kéré á yè é. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, tí ara ń yún, tí ikọ́ sì dé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ dárúkọ adágún náà fún un.

Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ 12 yìí sára ìwé fíríìjì, kí ẹ sì kó gbogbo àyẹ̀wò tó kù jọ sínú ìbẹ̀wò kan náà: ìtọ̀, ìgbẹ́ fún aràn, àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 3 kì í dúró dìgbà yẹn.

Ẹ bọ́ ara àwọn ọmọ wò lọ́jọ́ tí ẹ dé. Bí ẹ bá rí oówo tó ní ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ láàárín, tí ọmọ náà sì ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ìdin putsi ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi faselíìnì bo ojú ihò náà bámúbámú fún wákàtí mélòó kan. Èémí á há a, á yọrí síta, nígbà náà ni kí ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó jáde lódindi. Bó bá já sínú, ọgbẹ́ náà á kẹ̀. Ẹ wo abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ fún jìgá pẹ̀lú.

Bí ajá, ológbò tàbí ọ̀bọ bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí já a lára, kódà bó ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ lọ sọ fún dókítà lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣì wúlò níwọ̀n ìgbà tí àìsàn náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè níkọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n máa ń fi irú èyí pamọ́ kí wọ́n má bàa nà wọ́n.

Ilé àti ìwé

Omi tó ti dúró nínú páìpù fún oṣù mẹ́fà lè ní kòkòrò Legionella, tó ń gba ìkùukùu omi ṣáwà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ tú orí ṣáwà kúrò kí omi má bàa fọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí omi inú táǹkì gbóná dé 60°C kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀.

Ẹni tó bá kọjá oṣù mẹ́ta lókè òkun, dókítà àdúgbò lè ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ torí pé ẹ kò ní ìwé ẹ̀rí ilé lé yín padà. Bí ilé ìwé ti yọ ọmọ yín, ẹ kàn sí káńsù kí ẹ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Child Benefit, owó ìrànwọ́ ọmọ, kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 8 fún irú ìrìn àjò báyìí, nítorí náà ẹ sọ fún HMRC, àjọ owó orí, ọjọ́ tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ dé. Owó tó bá wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 yẹn kí ẹ tó dé, ẹ fi pamọ́, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ọkọ̀ tí MOT rẹ̀, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, ti tán kò gbọdọ̀ jáde àfi tó bá ń lọ sí ibi àyẹ̀wò tí ẹ ti gba àyè sílẹ̀. Ẹ dúró ná kí ẹ tó lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Oṣù 4 ó kéré tán.

Ẹnu àwọn ọmọ, ẹnu àwọn ará ilé

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìtajà ńlá. Kí òbí kan dá lọ pẹ̀lú ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ọmọ tó ti ń jẹ nsima, ìyẹn òkèlè àgbàdo, àti ẹ̀wà lójoojúmọ́ tó wá rí ogójì irú búrẹ́dì lórí pẹpẹ lè bínú sódì, ó lè máa kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì lè kọ oúnjẹ pátápátá. Ẹ má bá a wí. Ẹ yan alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, kí olúkúlùkù dárúkọ ẹnì kan tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àwọn ọmọ Màláwì ṣe pàṣán. "Ṣé o ò rántí àwọn tí kò rí jẹ?" nígbà tí ọmọ bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ọ̀rọ̀ yẹn á sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ìyà lásán, kò sì ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, ẹ kọ́ ọ láti sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn kan tàbí eré kan. Eré tí wọ́n ń pè ní bawo, fún àpẹẹrẹ: mọ̀lẹ́bí ayò wa ni, àmọ́ ihò 32 ló ní, ní ìlà mẹ́rin, ti ayò sì jẹ́ 12 ní ìlà méjì. Ọmọ tó lè fi bawo han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ nǹkan gidi nípa Màláwì.

Fọ́tò: kí ẹ tó fi èyíkéyìí síta, ẹ bi ara yín bóyá inú ìyá ọmọ inú rẹ̀ á dùn tó bá rí i. Ẹ má fi ti ilé ìwòsàn síta rárá.

Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà á bínú. "Ṣé òṣì tiwa ò tó yín wò ni ẹ fi lọ sí Màláwì?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ pe àwọn àgbààgbà láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó rí fọ́tò yín lórí Facebook. Ẹ sọ ohun tó gbé yín lọ ní gbólóhùn méjì, ẹ béèrè ohun tó ń lọ nílé, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe àwíjàre. Chitenje, tó jọ àǹkàrá, ṣeé rà ní mítà méjì-méjì, ó fúyẹ́ nínú àpótí, ó sì ń dáhùn "kí lẹ mú bọ̀?"

Owó àti ìpè

Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó yóò máa gbà: ìgbìmọ̀ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí. Iye tí ẹ lè san fún oṣù 12 láì já ni kí ẹ sọ. £15 lóṣù tí kì í yẹ̀ sàn fún ilé ìwé ju £200 tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí pé pẹ̀lú èyí tí kì í yẹ̀ ni wọ́n lè fi ṣètò. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé béèrè owó lọ́tọ̀, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kí ẹ darí rẹ̀ sí ìgbìmọ̀. Dídákẹ́ ló ń dunni jù.

Ẹ fi ìpè sí ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù. Aago márùn-ún ni lọ́hùn-ún nígbà òtútù, aago mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ló ń yí aago padà, Màláwì kì í yí tirẹ̀. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú, ẹni tó gbé fóònù rẹ̀ lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ rin padà sílé kí òkùnkùn tó kùn.