Bí mo ṣe ya àtẹ àwọn tó ń darí UNESCO

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n fi ojú ewé kan ṣoṣo ṣàlàyé ẹni tó láṣẹ lórí ẹni ní UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà. Mi ò lọ sídìí ìròyìn rárá. Ìwé òfin àjọ náà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1945, ni mo ṣí. Abala kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni mo jókòó tì. Mo ka ìyókù gààràgà.

Àpérò Gbogbogbòò ni mo kọ sókè pátápátá. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é, ibò kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní, ì báà tóbi, ì báà kéré. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ló tẹ̀ lé e: orílẹ̀-èdè 58 tí Àpérò dìbò yàn fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n ń mójú tó iṣẹ́ kí Àpérò mìíràn tó dé. Ọ̀gá Àgbà, tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ láti Paris, ló wá wà nísàlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wo àtẹ náà bá mi jiyàn: ṣebí Ọ̀gá Àgbà yìí là ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n? Òun náà ni o, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ìyànsípò rẹ̀ ló gba àkókò mi jù. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ló ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀ láti fa ẹnì kan kalẹ̀. Àpérò ló ń yàn án fún ọdún mẹ́rin, Àpérò sì lè tún un yàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà, ìlà tí mo gé sí wẹ́wẹ́ ni mo fà láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀, mo sì fa èyí tó nípọn láti ọ̀dọ̀ Àpérò. Ká má tìtorí ìyẹn fojú kéré ìlà wẹ́wẹ́ o. Lọ́dún 2017, nínú Ìgbìmọ̀, ibò 30 sí 28 ni Audrey Azoulay ti ilẹ̀ Faransé fi borí Hamad bin Abdulaziz Al-Kawari ti Qatar. Níbẹ̀ gan-an ni ìjà ti parí. Àpérò kàn fọwọ́ sí i ni.

Ó wá ku owó ẹgbẹ́. Orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju owó ọdún tó wà lóde àti ti ọdún tó ṣáájú lọ kò ní lè dìbò ní Àpérò mọ́, àfi tí Àpérò bá gbà pé ọ̀ràn náà ju agbára rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2011, nígbà tí wọ́n gba Palestine wọlé, Amẹ́ríkà dáwọ́ owó sísan dúró. Nígbà tó fi di 2013, ó ti pàdánù ibò rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà náà. Mo kọ èyí sétí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpérò.

Àwọn ìgbìmọ̀ UNESCO tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfa ìlà àṣẹ kankan sí wọn. Alárinà ni wọ́n.